Ìṣáwùrú Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Ẹ̀yin ti Kétu, ẹ̀yin ti Ṣábẹ̀, ẹ̀yin ti Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, ẹ̀yin tí ẹ ti sọdá òkun lọ sí Paris àti London, a kí yín láti àárín òkè mọ́kànlélógójì Dassa-Zoumè, ìlú tí àwa onílé ń pè ní Igbó Ìdáàṣà. Ọ̀rọ̀ ìṣáwùrú la gbé wá lónìí. Ó gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí, torí ó lè jẹ́ ọmọ yín ló kàn, ó sì lè jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín.

Ọmọ kan tí a kọ́ ní CM1 nígbà kan, tó ti wà ní ilẹ̀ Faransé báyìí, ló fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ó ra àpótí onígíláàsì, ó po omi oníyọ̀ bíi ti òkun sínú rẹ̀, ó gbé iná lé e lórí, ó wá ń sin ẹja kéékèèké níbẹ̀ pẹ̀lú ẹran omi kan tó ní ìkarawun méjì, tó ń ṣí tó sì ń pa dé bí ìwé. Tridacna ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Inú òkun Íńdíà àti òkun Pàsífíìkì ló ti ń wá, èyí tó tóbi jù nínú ìran rẹ̀ sì lè gùn ju mítà kan lọ. Ti ọmọ wa kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ó ní, "Maître, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ẹran mi ò ṣí dáadáa mọ́. Lójú ọ̀sán mi ò rí nǹkan kan. Lóru àná ni mo dìde, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo rí àwọn ìṣáwùrú funfun tíńtín bí hóró ìrẹsì, wọ́n to ara wọn sí etí ìkarawun rẹ̀. Wọ́n ń mu ún!"

Òótọ́ ló sọ. Irú ìṣáwùrú bẹ́ẹ̀ wà, Pyramidellidae ni orúkọ ìdílé wọn. Àfòmọ́ ni wọ́n. Bí ó bá di ọ̀sán, wọ́n á sá pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ẹran náà, níbi tó ti fara ti òkúta. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á gòkè wá sí etí rẹ̀, wọ́n á na ẹnu wọn tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á máa fa omi ara rẹ̀ mu. Ọ̀kan tàbí méjì kò lè pa á. Ṣùgbọ́n wọ́n ń yé ẹyin sára ìkarawun náà, ẹyin tó wà nínú nǹkan tó ń yọ̀ bí omi ilá. Ẹyin yẹn á pa, wọ́n á pọ̀ rẹpẹtẹ, ẹran á bẹ̀rẹ̀ sí í rù, bí a ò bá sì tètè ṣe nǹkan kan, á kú.

Ọmọ wa gbé e jáde, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ìkarawun rẹ̀ nínú omi oníyọ̀, ó ha gbogbo ẹyin tó rí kúrò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n tún wà níbẹ̀. Ó tún fọ ọ́. Nǹkan bí oṣù méjì ló fi ṣe é kó tó borí wọn. Nígbà tó parí, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí wa. "Maître, mo ti mọ ibi tí wọ́n gbà wọlé. Èmi ni mo gbé wọn wọlé. Mo ra ẹran kejì lọ́jà, mi ò yà á sọ́tọ̀, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò, mo kàn gbé e sínú omi." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Maître, ẹ rántí ìgò wa?"

Ẹ̀rín ò pa àwa. A rántí ìgò náà dáadáa.

Ní 2008 ni. Ilé ẹ̀kọ́ wa wà ní abúlé kan láàárín àwọn òkè. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa mọ̀ pé òkúta ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kí èèyàn gbẹ́ kànga kó sì kan omi, iṣẹ́ ńlá ni. Òjò máa ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, lẹ́yìn náà ọyẹ́ á dé, gbogbo nǹkan á gbẹ. Ìdí nìyẹn tí omi tí wọ́n sé sí ìsàlẹ̀ abúlé fi ṣe pàtàkì sí gbogbo wa. Àwa níbí ń pè é ní barrage, ẹ̀yin lápá Nàìjíríà ń pè é ní dáàmù. Màlúù ń mu níbẹ̀, àwọn obìnrin ń fọ aṣọ níbẹ̀, àwọn ọmọ ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, àwọn tó ń gbin tòmátò sì ń pọn omi rẹ̀ lọ sí oko.

Ẹ̀kọ́ nípa àwọn ẹran oníkarawun la fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ náà. Nígbà tí àwa fúnra wa ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa ní gbogbo rẹ̀, wọ́n sì tẹnu mọ́ ọn pé ọmọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kó tó yé e. Nínú ìwé tí a ní, ìgbín ilẹ̀ Faransé ni wọ́n yà síbẹ̀. A ní, kí ló dé tí ọmọ Ìdáàṣà á fi máa wo àwòrán ìgbín ilẹ̀ onílẹ̀ nígbà tí ìṣáwùrú wà lẹ́yìnkùlé bàbá rẹ̀? Inú wa dùn sí ọgbọ́n tí a dá. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tí oòrùn mú ganrínganrín, a kó ọmọ méjìdínlógójì lọ sí etí omi. A ní kí wọ́n ká ṣòkòtò àti aṣọ sókè, kí wọ́n wọ inú omi dé orúnkún, kí wọ́n máa ṣa ìṣáwùrú lára koríko. Àwa dúró sókè lábẹ́ igi, bàtà wà lẹ́sẹ̀ wa.

Ọmọ tó wà ní Faransé yìí ló gbé ìgò. Ìgò ńlá onígíláàsì ni, a gbé e sí ojú fèrèsé kíláàsì. Ìṣáwùrú bí ogún ló wà nínú rẹ̀, wọ́n kéré, àwọ̀ ara wọn dà bí ti ilẹ̀ẹ́lẹ̀. A tiẹ̀ fi ẹfun kọ ọ́ sójú pátákó pé, bí a bá gbé ìkarawun wọn dúró tí ṣóńṣó rẹ̀ wà lókè, tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí wa, apá òsì ni ẹnu náà máa ń wà. Àwọn ọmọ kọ ọ́ sínú ìwé wọn. A ò mọ ohun tí àmì yẹn ń sọ fún wa.

Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì náà, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tó mọ̀wé púpọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àyè láti jáde. Ó ní òun fẹ́ tọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárọ̀ ọjọ́ kan. Inú bí wa. A ní eré ló fẹ́ lọ ṣe. A ní kó kúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn kíláàsì. Ẹ má bú wa, tàbí kí ẹ tiẹ̀ bú wa, ohun tí a ṣe nìyẹn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, kò wá sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́.

Ìyá rẹ̀ wá bá wa nílé lálẹ́, ó fi ìborùn bo orí. Ó kí wa, ó kí ìyàwó wa, ó jókòó, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Maître, mo bẹ̀ yín, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ bi yín. Ta ló ba ọmọ mi jẹ́?"

A ní, "Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó ní ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀ ọmọ náà, kò sì tíì tó ẹni tó ń ṣe nǹkan oṣù. Bàbá rẹ̀ ti nà án kó lè dárúkọ ọkùnrin tó bá a sùn. Ọmọ náà kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, torí kò sí ẹni tó máa dárúkọ. Bàbá ní ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ti parí nìyẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a rọra béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin bóyá ẹnì kan wà nínú wọn tó ń rí ẹ̀jẹ̀ nígbà tó bá ń tọ̀. A rò pé wọ́n á tijú. Ẹ̀rín ni wọ́n rín. Mọ́kànlá nawọ́ sókè, ọmọ tó gbé ìgò wà lára wọn. Wọ́n ní àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ti sọ fún wọn pé bí ọmọkùnrin bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ó ń di ọkùnrin nìyẹn. Ẹ gbọ́ o: ẹ̀jẹ̀ kan náà tó sọ ọmọkùnrin di akọni ló sọ ọmọbìnrin di oníṣekúṣe.

A lọ bẹ bàbá ọmọbìnrin náà. Ó gbà kí a jọ lọ sí ilé ìwòsàn, bóyá torí ó fẹ́ kí wọ́n fìdí ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà múlẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ kò gba ìtọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀. Ó ní kí a dúró di ọ̀sán, kí ọmọ náà sáré yí ká àgbàlá díẹ̀, torí ọ̀sán ni ohun tí òun ń wá máa ń pọ̀ jù nínú ìtọ̀. Ó gba ìtọ̀, ó jẹ́ kó silẹ̀, ó kán díẹ̀ sórí gíláàsì, ó fi míkírósíkóòpù wò ó. Kò pẹ́ rárá. Ó ní, "Bàbá, ẹ wá wò ó. Maître, ẹ̀yin náà ẹ wá."

Ohun tí a rí rí bí ẹyin tó gùn, ẹ̀gún kan ṣoṣo yọ ní ìdí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹyin aràn nìyẹn. Ẹ̀gún yẹn ló ń gún ọmọ yín nínú. Kò sí ọkùnrin kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí." Bàbá náà ṣí fìlà rẹ̀, ó lọ jókòó sórí àga gbọọrọ tó wà níta. Nọ́ọ̀sì wá yíjú sí ọmọ náà, ó ní, "Inú omi wo lo máa ń wọ̀?"

Ọmọ náà wo ojú wa. Kò sọ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí wọ́n là wá lójú sí lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ohun tí a ti kà lẹ́yìn rẹ̀. Àìsàn yìí ni Faransé ń pè ní bilharziose, torí Theodor Bilharz, dókítà ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló rí aràn náà nínú òkú kan ní Cairo ní 1851. Ẹ̀yin lápá Nàìjíríà ń pè é ní àtọ̀sí ajá. Orúkọ yẹn wà lára ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí èèyàn bá ti gbọ́ àtọ̀sí, ìṣekúṣe ló máa wá sí i lọ́kàn. Ajá kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ìṣekúṣe náà kò sí níbẹ̀.

Akọ àti abo aràn náà jọ máa ń gbé nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí ilé ìtọ̀ ká. Akọ á ká abo mọ́ra bí ẹni fi ẹní wé ara, wọ́n á máa yé ẹyin lójoojúmọ́. Ẹyin mìíràn á gún ilé ìtọ̀ kọjá, á bá ìtọ̀ jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Ẹyin mìíràn á há sínú ẹran ara, ibẹ̀ á sì máa wú, á máa le. Bí ó bá pẹ́ púpọ̀ láìsí ìtọ́jú, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó lè di jẹjẹrẹ ilé ìtọ̀. Lára obìnrin, ó lè ṣe ojú ara léṣe, ó sì lè mú kó rọrùn fún kòkòrò HIV láti wọlé. Ọmọ tó ní in lára kì í ní ẹ̀jẹ̀ tó, ó máa ń rẹ̀ ẹ́, kì í lè fọkàn sí ẹ̀kọ́. Mélòó la ti pè ní ọ̀lẹ!

Bí èèyàn bá tọ̀ sínú omi, tàbí sí etí omi tí òjò sì gbá a lọ, ẹyin yẹn á pa. Ọmọ tó jáde láti inú rẹ̀ kò rí èèyàn bá jà. Ìṣáwùrú ló ń wá, wákàtí mélòó kan péré ló sì ní kó fi rí i. Bí kò bá rí ìṣáwùrú tó bá a mu, ó kú nìyẹn. Bí ó bá rí i, á wọ inú rẹ̀, á pọ̀ sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde sínú omi lójoojúmọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún láti ara ìṣáwùrú kan. Robert Leiper, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ló fi hàn gbangba ní Íjíbítì ní 1915 pé ara ìṣáwùrú ló ń gbà kọjá. Oòrùn ló ń pè é jáde. Ọ̀sán ganrínganrín ni irú tiwa yìí máa ń pọ̀ jù nínú omi, bí ó bá sì kan awọ ara èèyàn, ìṣẹ́jú mélòó kan ti tó fún un láti wọlé. Kò nílò egbò. A kì í mu ún, ara la fi ń gbà á.

Ìṣáwùrú tí ẹnu ìkarawun rẹ̀ wà lápá òsì, tí wọ́n ń pè ní Bulinus, ni onílé rẹ̀. Ìṣáwùrú inú ìgò wa nìyẹn. Àwa la kó ọmọ méjìdínlógójì wọ inú omi náà, ní wákàtí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́.

Nọ́ọ̀sì fẹ́ tù wá nínú. Ó ní àwọn ọmọ yẹn ti ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ kí a tó dé abúlé, ó lè jẹ́ pé ó ti wà lára ọmọ náà tipẹ́. Òótọ́ lè wà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọbìnrin náà sọ fún wa pé òun kì í jẹ́ kó lọ lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, kànga ló ń lọ. A ò lè fi ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì gba ara wa sílẹ̀.

Ẹ wá fi èyí wé ti ọmọ wa ní Faransé. Ìṣáwùrú tirẹ̀ ni àfòmọ́, ó ń mu ẹran omi. Ìṣáwùrú tiwa kò mu ẹnikẹ́ni. Òun gan-an ni wọ́n ń mu. Aràn náà á jẹ inú rẹ̀, kò ní lè yé ẹyin mọ́, kì í sì í pẹ́ kú bí èyí tí ara rẹ̀ le. Ìṣáwùrú ń ṣàìsàn. Ta ló kó o ràn án? Àwa ni. Ìtọ̀ wa ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣòro láti gbà. Nígbà tí ìròyìn tàn ní abúlé pé ìṣáwùrú ló ń fa ẹ̀jẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ dìde. Wọ́n ní àwọn á kó oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń fín òwú, àwọn á dà á sínú barrage, gbogbo ìṣáwùrú á kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ la lọ dúró níwájú wọn, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì náà àti àgbàlagbà kan tó ń pẹja níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní oògùn kan wà lóòótọ́ tí àwọn elétò ìlera máa ń lò fún ìṣáwùrú, niclosamide, ṣùgbọ́n òun náà máa ń pa ẹja, àwọn tó mọ̀ ọ́n lò nìkan ló yẹ kó fọwọ́ kàn án. Ti òwú yẹn, èèyàn àti màlúù ló máa pa. Bàbá apẹja fi tirẹ̀ kún un. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀rùn tí omi gbẹ tán, ṣé ẹ rò pé ìṣáwùrú ti tán ni? Ẹ gbẹ́ ẹrẹ̀ yẹn wò." Òótọ́ ni. Bulinus lè sin ara rẹ̀ sínú ẹrẹ̀ gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó máa retí òjò. Ẹ bá pa gbogbo èyí tí ojú rí lónìí, ẹ̀ẹ̀kan òjò, wọ́n ti dé. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá sì tún wá tọ̀ sínú omi, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ wa ṣe ń fọ ìkarawun lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ nìyẹn kó tó mọ̀ pé ọwọ́ òun ni wọ́n ti wọlé.

Ìyẹn kò ní kí a má ṣe nǹkan kan sí ìṣáwùrú. Ọmọ wa ní oríṣi ẹja kékeré kan wà tó máa ń ṣa ìṣáwùrú tirẹ̀ jẹ. Ní Senegal, wọ́n sé odò ní Diama ní 1986 kí omi òkun má baà wọ oko ìrẹsì. Ohun tí wọ́n sé náà dí ọ̀nà mọ́ àwọn edé ńlá inú odò, tí wọ́n ní láti máa lọ sí ibi omi oníyọ̀ kí wọ́n tó lè bímọ. Edé yẹn ló sì ń jẹ ìṣáwùrú. Edé dín kù, ìṣáwùrú pọ̀, bilharziose gbilẹ̀ ní Richard-Toll àti agbègbè rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó edé padà sí ibi tí àwọn ará abúlé kan ti ń wọ omi, ìṣáwùrú tó ní aràn dín kù níbẹ̀, àìsàn náà sì dín kù lára àwọn èèyàn. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2015. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ghana pẹ̀lú: lẹ́yìn tí wọ́n sé odò Volta ní Akosombo ní 1965, àtọ̀sí ajá gbòde láàárín àwọn ọmọ etí adágún tuntun náà. Omi tí a sé ń fún wa ní oúnjẹ, ó sì ń fún ìṣáwùrú ní ilé. Ẹni tó bá fẹ́ sé omi, kó ronú kan ìyẹn náà.

Ohun tí a ṣe ní abúlé wa kò tóbi. Àwọn ọmọ gba oògùn. Praziquantel lorúkọ rẹ̀, nǹkan bí mílígíráàmù 40 fún kílò kan ìwọ̀n ara. Ní ilé ẹ̀kọ́, wọn kì í wọn ọmọ lórí òṣùwọ̀n. Wọ́n ní ọ̀pá kan tí wọ́n sàmì sí, ọmọ á dúró tì í, ibi tí orí rẹ̀ bá dé ló ń sọ iye hóró tó máa gbé mì. Ẹ rí i pé ọmọ jẹun kó tó lò ó. Inú lè run ún díẹ̀, òòyì lè kọ́ ọ, àmì pé aràn ń kú ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má sọ pé wọ́n fẹ́ fi pa ọmọ yín. Ṣùgbọ́n ẹ mọ èyí pẹ̀lú: oògùn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ pa aràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kò sì ní kí ọmọ má tún kó o. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún un fún wọn. Láti 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n máa fún àwọn àgbàlagbà àti àwọn ọmọ láti ọdún méjì pẹ̀lú ní ibi tí àìsàn náà bá ti wọ́pọ̀, kì í ṣe ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nìkan. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ń fọ aṣọ nínú omi yẹn, ṣé tirẹ̀ kì í ṣe ara ni?

A gbẹ́ ṣáláńgá méjì, ọ̀kan ní ilé ẹ̀kọ́, ọ̀kan ní tòsí barrage fún àwọn tó ń roko tòmátò. A bá àwọn Fúlàní darandaran sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin ro koríko ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ, torí ara koríko ni ìṣáwùrú ń gbé. Omi ìwẹ̀ ọmọ, wọ́n á fi aṣọ sẹ́ ẹ, wọ́n á dé e sínú ìkòkò fún ọjọ́ méjì kó tó wẹ̀ ẹ́, torí ọmọ aràn tí kò bá rí ara wọ̀ á ti kú kó tó di ìgbà yẹn. Bí wọn kò bá lè dúró, kí wọ́n gbé omi náà kaná. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mẹ́rin péré ló nawọ́ sókè. Lọ́dún kẹta wọ́n tún di méje. A ò purọ́ fún yín, kò tán. Àmọ́ kò sí ẹni tó tún pè é ní àmì ọkùnrin mọ́, wọn kò sì tún na ọmọbìnrin kankan nítorí rẹ̀.

Ẹ má sọ pé kò lè tán. Ẹ̀yin àgbà rántí sòbìà. Ẹ rántí bí ó ṣe máa ń dá èèyàn dúbúlẹ̀ nígbà iṣẹ́ oko. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún sòbìà, kò sí oògùn tó ń wò ó. Aṣọ asẹ́ ni, àti kíkọ̀ fún ẹni tó ní egbò rẹ̀ láti wọ inú omi. Ní 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fún Benin ní ìwé ẹ̀rí pé ó ti tán nílẹ̀ wa, Nàìjíríà gba tirẹ̀ ní 2013. Ìwà àwa èèyàn sí omi ló lé e lọ.

Ọmọbìnrin náà padà sí kíláàsì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí ìkúnlẹ̀ àti nítorí omi. Ó ní, "Ó ti tán, Maître," ó jókòó, ó ṣí ìwé rẹ̀. Bàbá rẹ̀ gbé iṣu mẹ́ta wá sílé wa lọ́jọ́ náà. A ò mọ bí a ṣe máa gbà á, a ò sì lè kọ̀ ọ́. A da ìṣáwùrú inú ìgò sórí òkúta níbi tí oòrùn ti ń pa. Lónìí, ojú ń tì wá nítorí ìyẹn pàápàá.

Gbogbo èyí ló wá sí wa lọ́kàn nígbà tí ọmọ wa ní Faransé béèrè bóyá a rántí ìgò. Ó gba oògùn nígbà yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdílé rẹ̀ kò kúrò ní abúlé. Omi yẹn ló ń wẹ̀ títí ó fi pé ogún ọdún, tó fi lọ. A bi í, "Lẹ́yìn tí o dé ọ̀hún, ṣé wọ́n ti yẹ ìtọ̀ rẹ wò rí?" Ó ní rárá, kò ní àìsàn, àfi kí ó máa dìde tọ̀ lóru, òtútù ni òun rò pé ó fà á. A sọ fún un pé aràn yìí sábà máa ń lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí èyí tó lo ju ogún ọdún lọ lára ẹni tó ti kúrò níbi tó ti kó o. Dókítà ọ̀hún lè má ronú kàn án. Ìwọ ni kí o sọ fún un pé etí omi ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ní Benin, kí ó yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ wò fún bilharziose.

Ó lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó fi fọ́tò ránṣẹ́. A rò pé àpótí onígíláàsì náà ni a tún máa rí. Hóró oògùn mẹ́rin ló wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo oúnjẹ. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Maître, mo ti jẹun kí n tó lò ó."

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wẹ odò nígbà èwe, ẹ lọ yẹ ara yín wò. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí ẹ tó gbé pàṣán. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, bí ọmọ bá ní òun fẹ́ jáde lọ tọ̀, ẹ jẹ́ kó lọ. Àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní etí omi, ẹ má tọ̀ sínú rẹ̀. Ìṣáwùrú kò ní ibòmíràn tó máa gbé.